Ìlà Kan Ṣoṣo Tí Ọmọ́ṣọlá Fi Pamọ́

Ọmọ́ṣọlá ní kí a má yí orúkọ òun padà. A sọ fún un pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá wa ló máa ń bẹ̀ wá pé kí a fi orúkọ mìíràn bo tàwọn. Ó mi orí. Ó ní, "Mo ti bo nǹkan tó. Ẹ jẹ́ kí èyí wà ní gbangba."

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí orúkọ rẹ̀ níbí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Bó ṣe sọ ọ́ ni a ṣe kọ ọ́.

Ọmọ Iyamoye ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Kabba ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àjọ kékeré kan tó ń mójú tó àwọn aboyún ní abúlé. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì kan a máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, á sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kabba láti orí fóònù. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á ṣírò rẹ̀, á sì sọ ìlú tí ewu wà. Ibẹ̀ ni mọ́tò àjọ máa gbé dókítà lọ lọ́sẹ̀ náà. Mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìlú mẹ́tàdínlógójì ló ń retí rẹ̀.

Olúbọ̀dé ló kọ ètò ìṣirò tí kọ̀ǹpútà náà ń lò. Ọmọ Igbaruku ni, ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í yára jẹun, tí kì í sì í yára gba ohunkóhun gbọ́. Òun àti Ọmọ́ṣọlá ti ń fẹ́ra wọn fún ọdún méjì. Àwọn ẹbí ti rí ara wọn. Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó.

"Bó bá fẹ́ sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ mi pàápàá," Ọmọ́ṣọlá sọ fún wa, "á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àléébù kan ṣoṣo ni ètò Olúbọ̀dé ní. Ó lọ́ra. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi ń ṣírò nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kan. Bí iná bá lọ láàárín, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọn ó ti tún un bẹ̀rẹ̀.

Lóṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n rán Olúbọ̀dé lọ sí Lokoja fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́bọ̀ kan ni Ọ̀gá Títílọpẹ́, obìnrin tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì wọn, wọlé wá bá Ọmọ́ṣọlá.

"Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ ń bọ̀ láti Abuja lọ́la. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Mà, wákàtí mẹ́sàn-án ló ń gbà."

"Ṣé kí wọ́n wá sun ibí ni? Wá nǹkan ṣe sí i. Àbí kí n pe Olúbọ̀dé padà láti Lokoja?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gún un lọ́kàn. Gbogbo ìgbà, Olúbọ̀dé. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ pe Olúbọ̀dé. Bí nǹkan bá dára, Olúbọ̀dé ló ṣe é. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sú u láti máa jẹ́ ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó kọjú mọ́ iṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, ó ti rí ibì kan tí ètò náà ti ń ka gbogbo àkọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ó tún un ṣe. Ó fojú bù ú pé wákàtí mẹ́sàn-án á di méje. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tó mọ́. Ṣùgbọ́n méje kò tíì tó.

Ó wá bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń bi ara wọn léèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Kóòdù tí ènìyàn kọ, kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀m̀páílà ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ènìyàn sì lè sọ fún ògbufọ̀ yìí pé kó rọra, tàbí pé kó máa kánjú. Níbẹ̀ ni Ọmọ́ṣọlá ti rí ìlà kan ṣoṣo tí ẹnì kan kọ. Ọkùnrin náà ní ẹni tó bá fi ìlà yìí sínú ìlànà kọ̀m̀páílà rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ á máa sáré.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn kọ ìkìlọ̀: "Ẹ ṣọ́ra o. Bí àlàfo, ìyẹn àyè tí kò sí nọ́ńbà nínú rẹ̀, bá wà láàárín nọ́ńbà yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kọ̀m̀páílà á gbà pé àlàfo kò sí láyé yìí, á sì yọ gbogbo ibi tí ẹ ti ní kó máa wò ó."

Ọmọ́ṣọlá ka ti àkọ́kọ́. Ó ka ti ìkejì. Ó tún méjèèjì kà.

Ó mọ̀ dáadáa pé àlàfo wà. Bí ẹ̀rọ ìfúnpá nọ́ọ̀sì kan bá bàjẹ́, àlàfo ló máa fi ránṣẹ́. Olúbọ̀dé bẹ̀rù àlàfo ju nọ́ńbà burúkú lọ. Ó máa ń wí pé, "Ìlú tí nọ́ńbà rẹ̀ burú, a mọ ohun tó ń ṣe é. Ìlú tí kò fọhùn ni kó dẹ́rù bà wá." Nítorí náà ló ṣe kọ ọ́ pé ìlú tó bá fi àlàfo ránṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí orúkọ rẹ̀ bọ́ sókè pátápátá, níwájú gbogbo ìlú tó kù.

Ó fi ìlà náà sí i. Kò fi í sínú kóòdù tí gbogbo ọ́fíìsì ń rí. Inú fáìlì kékeré kan tó fara sin, tó wà lábẹ́ orúkọ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, ló fi í sí.

Ogójì ìṣẹ́jú. Wákàtí méje di ogójì ìṣẹ́jú.

Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́sẹ́ńjà fi yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ku ìdánwò. Olúbọ̀dé ti ṣe ìlú mẹ́wàá tí kò sí níbì kankan, ó fi àlàfo sí méjì nínú wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ètò náà gbọ́dọ̀ fi wọ́n dán an wò. Ọmọ́ṣọlá dán an wò. Mẹ́jọ jáde bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni ìlà pupa kan jáde: ìlú méjì tó ní àlàfo kò sí lókè. Àárín àwọn tí ara wọn le ni wọ́n wà.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ń bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ìfúnpá yìí ju ogóje lọ?" Àlàfo kò lè ju ohunkóhun lọ. Ìdáhùn ni rárá. Rárá sì túmọ̀ sí àlàáfíà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Ọ̀gá Títílọpẹ́ kan ilẹ̀kùn. "Ṣé ó ti yára?"

"Ó ti yára, mà."

Ó pa ojú ìwé tí ìlà pupa wà dé. "Ọjọ́ Ajé," ó wí nínú ara rẹ̀, "n ó yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ Ajé."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan bi í pé, "Ṣé ìwọ nìkan lo ṣe é?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀gá Títílọpẹ́ dì mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fi í ṣe olórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ajé dé. Ó ṣí fáìlì náà, ó wò ó, ó pa á dé. Bó bá yọ ìlà yẹn, ètò náà á tún di alọ́ra, wọn ó sì bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àlàfo kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ.

Nígbà tí Olúbọ̀dé ti Lokoja dé, inú rẹ̀ dùn. Ó wo ibi tí ọmọbìnrin náà tún ṣe nínú kóòdù, ó sì ń mi orí bí olùkọ́ tí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ti kọjá rẹ̀.

"Èyí dára o. Mi ò rí ibí yìí rárá. Ṣùgbọ́n ṣé òun nìkan ló sọ ọ́ di ogójì ìṣẹ́jú?"

"Òun náà ni. Ó ti ń dí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni."

"O ṣe ìdánwò?"

"Mo ṣe é."

"Ó yege?"

"Ó yege."

Olúbọ̀dé, ẹni tó ń yẹ ohun gbogbo wò lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ èyí wò. Ó fọwọ́ gbá a léjìká. "Ìyàwó mi," ó wí, "o ti lé mi bá."

Olúbọ̀dé ní àbúrò kan, Rejoice, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá wọn kú, Olúbọ̀dé ló sì tọ́ ọ. Òun ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, òun ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Rejoice ti lọ́kọ, ó sì lóyún oṣù méje nígbà náà, ní Igbaruku.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ọ̀sán, Rejoice pe Ọmọ́ṣọlá.

"Àǹtí, okun o," ó kí i bí àwọn ará ilẹ̀ wọn ṣe ń kíni.

"Okun, Rejoice. Ìkókó ńkọ́?"

"Ó ń ta mí nípàá bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àǹtí, ìgbà wo ni mọ́tò yín ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa? Nọ́ọ̀sì Naomi ní ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́, kò rí wa wọ̀n. Ó ní ẹ̀yin ti mọ̀, pé ẹ ń bọ̀."

Ọmọ́ṣọlá dìde lórí àga. "Ṣé ara ń ni ọ́?"

"Orí kàn ń fọ́ mi ni. Ẹsẹ̀ mi náà wú. Iye ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Iye ni gbogbo ilé ń pe ìyá Rejoice àti Olúbọ̀dé.

"Sinmi dáadáa," ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé ó ṣí àbájáde ọ̀sẹ̀ náà. Igbaruku wà ní ìsàlẹ̀, láàárín àwọn ìlú àlàáfíà. Bó bá lọ sọ pé kí mọ́tò lọ sí Igbaruku, wọn ó bi í pé kí ló dé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń rò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́tò gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun á wá ọgbọ́n kan dá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù Olúbọ̀dé dún nínú ọ́fíìsì. Ìdúró ló wà tó fi gbé e. Ó gbọ́ ọ tán. Ó jókòó sílẹ̀, kì í ṣe lórí àga, orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.

Gìrì ló mú Rejoice ní òwúrọ̀ náà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yọ ọmọ náà láàyè, ọmọbìnrin. Ìyá rẹ̀ kò là á já.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Igbaruku fún ìsìnkú. Ọkọ̀ kọjá Aiyetoro-Gbede, ó kọjá Mopa, ó kọjá Isanlu. Ní ẹ̀gbẹ́ ibojì, Iye kò lè dá dúró. Ọmọ́ṣọlá ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, ló fi ara tì í, tí ìyá náà kò fi ṣubú.

Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Naomi ti bú sẹ́kún. "Àlàfo ni mo ń fi ránṣẹ́! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá ti fi àlàfo ránṣẹ́, mọ́tò á wá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò wá!"

Olúbọ̀dé gbọ́ ọ. Ọmọ́ṣọlá rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ń ṣírò.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìpàdé. Ọ̀gá Títílọpẹ́ gbé àbájáde ọ̀sẹ̀ márùn-ún sórí tábìlì. Igbaruku, àlàáfíà. Igbaruku, àlàáfíà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

"Ta ló kọ ètò yìí?" ó bèèrè, bí ẹni pé kò mọ̀.

"Èmi ni, mà," ni Olúbọ̀dé dáhùn.

"O sọ fún wa pé àlàfo á máa pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́, mà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́." "Ìdánwò yege. A jẹ́ pé mo ti ṣi ìdánwò náà pàápàá kọ. Ẹ̀bi mi ni."

Wọ́n wo Ọmọ́ṣọlá, tó jẹ́ olórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. "Ṣé o ní nǹkan kan sọ?"

Ó mi orí pé rárá.

Wọ́n gba kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lọ́wọ́ Olúbọ̀dé, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná. Wọ́n pa ètò náà tì, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú dé ìlú lẹ́sẹẹsẹ. Ara tu Ọmọ́ṣọlá pé ẹlòmíràn kò ní kú. Ó fi ìyẹn tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò lè sọ láìdánu dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Olúbọ̀dé rí gbogbo kóòdù rẹ̀ gbà lórí ìwé láti ọ́fíìsì. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe tó pa àbúrò rẹ̀. Kì í jẹun. Irùngbọ̀n rẹ̀ hù.

"Bá mi wá a," ó bẹ Ọmọ́ṣọlá. "Ojú mi ti mọ́ ọn jù. Ìwọ á rí ohun tí èmi kò rí."

Nítorí náà, bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á lọ jókòó tì í. Á máa ka kóòdù náà sókè fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Olúbọ̀dé á di ojú, á máa gbọ́, á máa sọ pé, "Èyí tọ̀nà. Máa bá a lọ. Èyí náà tọ̀nà." Bí wọ́n bá parí, á ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀. "Mo kọ́ Rejoice ní bí wọ́n ṣe ń ka ABD," ó wí. "Èmi náà ni mo pa á. Bí mo bá rí ibẹ̀ ṣáá, màá lè lọ kúnlẹ̀ fún Iye, kí n sọ ohun tí mo ṣe fún ọmọ rẹ̀."

Ọmọ́ṣọlá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín rẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Ṣé kí n se ìrẹsì díẹ̀ fún ọ?"

Lọ́jọ́ kẹfà, ó ṣí fáìlì tó fara sin náà ní ọ́fíìsì láti pa á rẹ́. Bó bá pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ó gbé ìka sórí bọ́tìnnì. Ó wá rò ó pé Olúbọ̀dé á máa wá nǹkan tí kò sí mọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó gbé ìka kúrò. Kì í ṣe ìgboyà, ó sọ fún wa. Ojora kan ló borí èkejì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Olúbọ̀dé ní kó bá òun kó kóòdù àti nọ́ńbà àwọn ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà sórí fláàṣì. Benjamin ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ní Aiyetoro-Gbede, ti ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ó fẹ́ lọ fi í ṣe ìṣirò náà. Ọmọ́ṣọlá kò rí ọ̀nà àtikọ̀. Ó kó o fún un.

Ọjọ́ kọkànlá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ́ṣọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tíì bọ́ bàtà, nígbà tí Olúbọ̀dé já wọlé. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbá a mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀.

"Kì í ṣe èmi! Ọmọ́ṣọlá, kì í ṣe èmi!"

"Kí ló dé?"

"Kóòdù náà kò ní àṣìṣe! Lórí ẹ̀rọ Benjamin, ìdánwò yege. Mo fi nọ́ńbà wa sí i, ó gba wákàtí méje gbáko, Igbaruku jáde lókè! Láti ọ̀sẹ̀ kejì! Kóòdù kan náà, nọ́ńbà kan náà. A jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni nǹkan ń ṣe. Mú kọ́kọ́rọ́. Jẹ́ ká jọ lọ wò ó."

Ọ̀nà ọ́fíìsì kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní ìrìn ẹsẹ̀. Olúbọ̀dé di ọwọ́ rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe ń lọ. Àwọn ènìyàn ń kí wọn, "Okun o," òun náà ń dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Rejoice ti kú. Ọmọ́ṣọlá ní gbogbo òpó iná tí àwọn kọjá ni òun sọ fún ara òun pé, "Tí a bá dé èyí tó kàn, màá sọ." Wọ́n dé ọ́fíìsì.

Olúbọ̀dé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ṣe ìdánwò. Ìlà pupa jáde.

"Wò ó," ó wí. "Wò ó! Ṣùgbọ́n o ní ó yege lọ́jọ́ náà..."

Ó ń ronú. "Wákàtí méje lọ́dọ̀ Benjamin. Ogójì ìṣẹ́jú níbí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo fáìlì tó fara sin jáde. Ọ̀kan wà lábẹ́ orúkọ Ọmọ́ṣọlá. Ó ṣí i.

Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́: Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹfà.

Olúbọ̀dé mọ ohun tí ìlà náà ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn tí kò mọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò yíjú.

"O mọ̀ pé ó máa ń yọ àlàfo kúrò?"

"Mo mọ̀."

"Ìdánwò yẹn. O rí ìlà pupa?"

"Mo rí i."

"Ṣé nǹkan mìíràn wà?"

Ó lè sọ pé rárá. Kò sẹ́ni tó máa já a. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. "Rejoice pè mí," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú. Ó ní orí ń fọ́ òun. Mo sọ fún un pé mọ́tò ń bọ̀."

Ìgbà yìí ni Olúbọ̀dé tó yíjú sí i. Ọmọ́ṣọlá ní òun ti múra sílẹ̀ fún igbe, kódà fún ìgbátí. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì. Olúbọ̀dé kàn ń wò ó bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

"O bá mi wá a," ó wí jẹ́jẹ́. "O jókòó sílé mi, o ń kà á fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mọ́kànlá, Ọmọ́ṣọlá. O bá mi wá a."

Ó dìde, ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ́ṣọlá dúró níwájú gbogbo ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ kó tó jókòó. Wọ́n bẹ Olúbọ̀dé padà. Ó wá, ó yọ ìlà náà kúrò, ó sì fi ibi tí Ọmọ́ṣọlá tún ṣe dáadáa sílẹ̀ bó ṣe wà. Wákàtí méje ló ń gbà báyìí. Ẹnikẹ́ni kò ráhùn.

Olúbọ̀dé kò gbé fóònù Ọmọ́ṣọlá mọ́. Oṣù Kejìlá dé, ó sì kọjá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí àṣírí tú, Ọmọ́ṣọlá dá wọkọ̀ lọ sí Igbaruku. Ó bá Iye níbi tó ti ń wẹ ọmọ Rejoice nínú báfù lẹ́yìnkùlé. Ìníolúwa ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà.

"Iye, kì í ṣe Bọ̀dé. Èmi ni. Mo sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó máa sáré, kó má wo ìlú tí kò fọhùn. Mo mọ ohun tó lè fà. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí ni."

Iye parí ìwẹ̀ ọmọ náà, ó nù ún, ó fi òróró pa á lára, ó dì í. Lẹ́yìn náà ló tó bèèrè.

"Nígbà tí o di ọwọ́ mi mú ní ibojì, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Iye."

Ìyá náà wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ yẹn ló gbé mi dúró lọ́jọ́ náà," ó wí. "Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ gidi ni Bọ̀dé fẹ́ fẹ́." Ó gbé ọmọ náà sí èjìká. "Máa lọ. Mi ò ní ṣépè fún ọ. Ṣùgbọ́n má padà wá síbí mọ́."

Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Aiyetoro-Gbede ni Ọmọ́ṣọlá wà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìṣirò. A bi í pé kí ni ó fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mú lọ.

"Gbogbo ènìyàn ló rò pé ìlà tí mo kọ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi," ó wí. "Ìyẹn burú, ó pààyàn. Ṣùgbọ́n mo rí ẹni tó fẹ́ràn mi tó ń fi ẹ̀bi mi jẹ ara rẹ̀ níyà lójú mi, mo sì ń bá a pọ́n ọ̀bẹ. Bí ẹni kan bá wà tó ń wá nǹkan tí ẹ mọ ibi tó wà, ẹ sọ fún un lónìí. Ọ̀la kò ní rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dán an wò fún ọjọ́ mọ́kànlá."

Lóṣù tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ láti Kabba, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó ń lọ sí Igbaruku. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Ó rọra bi í bóyá ó mọ ilé Iye, ìyá Olúbọ̀dé. Obìnrin náà ní àdúgbò kan náà ni àwọn jọ wà.

"Ọmọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?" ni Ọmọ́ṣọlá bèèrè.

"Ìníolúwa? Háà, ọmọ yẹn! Ó ti ń sáré káàkiri. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bọ̀dé yẹn, ló máa ń gbé e kọ́rùn ní gbogbo ìgbà tó bá wálé. Ojú ìyá rẹ̀ gan-an ló gbé wá. Ṣé ẹ mọ ìyá rẹ̀ ni?"

Ọmọ́ṣọlá ní òun mọ̀ ọ́n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sọ fún awakọ̀ pé ibí yìí ni òun ti máa sọ̀. Ibùdókọ̀ tirẹ̀ ṣì jìnnà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí ọkọ̀ náà fi lọ tán, kó tó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.